Òróró Inú Ìkòkò: Oúnjẹ Ọ̀gbìn Pọ́ńbélé Láti Ẹkùn dé Ẹkùn ní Íńdíà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti gun orí òrùlé láti mú káìtì fò lójú ọ̀run, ìkòkò amọ̀ máa ń wà nínú kòtò lẹ́bàá oko ní agbègbè Surat, ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Ìdí ìkòkò náà ló kọjú sókè, ẹnu rẹ̀ ló dojú bolẹ̀. Ewé ni wọ́n fi dí ẹnu ọ̀hún, iná igi sì ń jó lórí rẹ̀. Títí yóò fi jinná, kò sẹ́ni tó máa ṣí i wò.

Tí wọ́n bá gbé e jáde, tí wọ́n sì yọ ewé kúrò, ooru ló máa ń kọ́kọ́ bá ènìyàn lójú. Lẹ́yìn náà ni ojú á wá rí ohun tó wà níbẹ̀: ẹ̀wà tútù tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, ànàmọ́, ikàn kéékèèké tí wọ́n là kí ata àti ewé lè wọ inú wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, àti ewùrà aláwọ̀ àlùkò tó ti rọ̀ débi pé ìka lásán lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Undhiyu ni orúkọ oúnjẹ yìí. Inú ọ̀rọ̀ Gujarati tó túmọ̀ sí ohun tí a dojú rẹ̀ dé ni orúkọ náà ti wá.

Kò sí ẹran nínú ìkòkò yìí, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí wàrà, kò sí bọ́tà. Òróró ló mú un dán. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ sè é kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà vegan rí. Ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti fi pe ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá. Ní tàwọn àgbẹ̀ Surat, ohun tó wà lóko lásìkò òtútù ni wọ́n kó sínú ìkòkò.

Bí ọ̀pọ̀ oúnjẹ ọ̀gbìn pọ́ńbélé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà nìyẹn. Ilẹ̀, àsìkò, àìrówó àti àdánù ló bí wọn.

Aláìjẹran lè máa mu wàrà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé orílẹ̀-èdè àwọn tí kì í jẹran ni Íńdíà. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ Pew gbé jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé 39 nínú 100 àgbàlagbà ibẹ̀ ló pe ara wọn ní aláìjẹran. Àwọn tó kù ń jẹ ẹran tàbí ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ní ọjọ́ tí wọn kì í jẹ ẹ́, tàbí irú ẹran tó jẹ́ èèwọ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun kì í jẹran níbẹ̀ kò sọ pé òun kì í mu wàrà. Ẹran ọ̀wọ̀ ni màlúù jẹ́ fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, wọ́n sì ń lo wàrà rẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì àti nínú ilé. Bọ́tà tí wọ́n yọ́ títí omi rẹ̀ fi gbẹ ni ghee. Wàrà kíkan ni dahi. Wàrà dídì tó jọ èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń tà ni paneer.

Àwọn ẹlẹ́sìn Jain kì í jẹ ohun tí wọ́n bá wú nínú ilẹ̀, bí àlùbọ́sà àti ànàmọ́, nítorí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó lè bá a kú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu wàrà.

Mohandas Gandhi, ọmọ Gujarat, fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 1912, nígbà tó wà ní South Africa, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mu wàrà mọ́. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ màlúù àti ẹfọ̀n kí wàrà wọn lè pọ̀ sí i wà lára ohun tó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1918, ìgbẹ́ ọ̀rìn dá a dùbúlẹ̀, ó kù díẹ̀ kó gba ẹ̀mí rẹ̀.

Kasturba aya rẹ̀ ló rán an létí pé wàrà màlúù àti ti ẹfọ̀n ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́, kì í ṣe ti ewúrẹ́. Gandhi mu wàrà ewúrẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé tó kọ fúnra rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ń gún òun lọ́kàn, nítorí pé òun pa ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà mọ́, òun sì ba ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́.

Òróró ló ń fọhùn

Ẹ̀sìn nìkan kò lè fi ibi tí oúnjẹ ọ̀gbìn pọ́ńbélé wà han ènìyàn. Òróró lè fi hàn. Ní Punjab, tí ẹran ọ̀sìn ti pọ̀, ghee àti bọ́tà wọ́pọ̀ nínú ìkòkò. Ní Kerala, tí igi àgbọn bo etíkun, òróró àgbọn ni. Àwọn ará Tamil Nadu ń lo òróró yànmọ̀tí, àwọn ará Gujarat ń lo ti ẹ̀pà. Ní Bengal, Bihar àti Kashmir, òróró mọ́sítádì ni, èyí tí í máa ta ènìyàn nímú kó tó dé ẹnu.

Ghee wọ́n ju òróró lọ. Nítorí náà, nínú ìlú kan náà, ilé tó rí já jẹ lè da ghee sórí ẹ̀wà, kí ilé tó kángun sí i máa fi òróró se ẹ̀wà yẹn gan-an. Oúnjẹ òtòṣì ni ọ̀pọ̀ lára ohun tí àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá ń gbé sójútáyé lónìí.

Ohun kan wà tí gbogbo ẹkùn ń fi òróró ṣe, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń yí padà: tadka ní àríwá, vaghar ní Gujarat, phoron ní Bengal, oggarane ní Karnataka. Alásè á gbé òróró kaná títí yóò fi gbóná dáadáa. Á ju hóró mọ́sítádì dúdú sí i. Àwọn hóró náà kò ní ṣe nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpàpà bí òjò orí páànù.

Kíá ni ata gbígbẹ, ewé kọrí àti ìwọ̀nba hing á tẹ̀ lé e. Oje gbòǹgbò ewéko kan ni hing, tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ le bí ti irú, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ òróró gbígbóná, adùn ló ń dà, pàápàá nínú ìkòkò àwọn tí kì í jẹ àlùbọ́sà àti áyù. Gbogbo rẹ̀ ni alásè á wá dà sórí ẹ̀wà tó ti jinná, ariwo á sì gba ilé ìdáná.

Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ṣàlàyé pé púpọ̀ nínú òórùn àti adùn èròjà ọbẹ̀ kì í yọ́ sínú omi bó ṣe ń yọ́ sínú òróró. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò ẹ̀wà tí kò ní ẹran kankan fi ń ta sánsán dé òde.

Gúúsù: ìrẹsì, òtílì àti àgbọn

Ní gúúsù, alẹ́ àná ni oúnjẹ àárọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ilé á rẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ urad lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi ìwọ̀n urad kan sí. Á lọ̀ wọ́n, á pò wọ́n pọ̀, á fi iyọ̀ sí i, á dé e, á sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti kan, ó ti wú, ihò wẹ́wẹ́ sì ti kún ojú rẹ̀.

Kò sí ìwúkàrà tí wọ́n rà lọ́jà níbẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ẹ̀wà àti ìrẹsì náà ló ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Tí wọ́n bá bù ú sínú àwo oníkòtò, tí wọ́n sì fi ooru omi sè é bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín, ó di idli, funfun, fífúyẹ́. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí irin gbígbóná, ó di dosa. Ìwé kan tí wọ́n kọ lédè Kannada ní nǹkan bí ọdún 920 ti dárúkọ oúnjẹ kan tó ń jẹ́ iddalige, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí baba idli.

Sambar ló máa ń bá idli rìn. Òtílì ni wọ́n fi ń se é, òtílì kan náà tí àwọn àgbà ń jẹ ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n á sè é títí yóò fi fọ́, wọ́n á fi omi àjàgbọn mú un kan díẹ̀, wọ́n á sì kó ẹ̀fọ́ àti èso gígùn mọ̀ríńgà sí i. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ á fi eyín fa inú èso náà yọ, á sì tu háhá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Ní àwọn abúlé gúúsù Karnataka, òkèlè ni wọ́n ń jẹ. Ìyẹ̀fun ọkà wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ ragi ni wọ́n ń rò nínú omi híhó títí yóò fi ki, tí wọ́n á wá fi ọwọ́ tútù mọ ọ́n róbótó. Mudde ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń bù ú, tí wọ́n ń tọ ọ́ bọ ọbẹ̀ ẹ̀wà tàbí ti ẹ̀fọ́, tí wọ́n sì ń gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu, kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó mọ àmàlà.

Ní Kerala, àsè ọdún Onam máa ń tẹ́ oúnjẹ tó lé ní ogún sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Olan wà lára wọn: elégédé funfun àti ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi omi fífún àgbọn sè, tí wọ́n sì ta òróró àgbọn tútù lé lórí nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀. Erissery náà wà níbẹ̀, elégédé àti ẹ̀wà tí wọ́n da àgbọn rínrin tí wọ́n yan lé lórí. Àmọ́ ghee àti wàrà kíkan kì í wọ́n lórí ewé yẹn, ẹni tó ń sá fún wọn ní láti béèrè.

Ìwọ̀ oòrùn: oko, aṣálẹ̀ àti ìdíkọ̀ reluwé

Ní Gujarat àti Maharashtra, ewé kókò kì í ṣe ohun àdànù. Wọ́n á gé iṣan líle ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana tí wọ́n pò mọ́ àjàgbọn, ata àti ṣúgà pupa kun ún lára, wọ́n á tẹ́ ewé mìíràn lé e, wọ́n á tún kun ún. Wọ́n á wá ká gbogbo rẹ̀ bí ẹní, wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á sì gé e wẹ́wẹ́. Lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà, ewé àti ìyẹ̀fun á máa yí ara wọn ká bí ìkarahun ìgbín. Àjàgbọn ibẹ̀ kì í ṣe fún adùn nìkan. Òun ló ń pa yíyún ewé kókò lẹ́nu.

Ní àríwá wọn, ní aṣálẹ̀ Rajasthan, omi ṣọ̀wọ́n, ẹ̀fọ́ tútù kò sì wọ́pọ̀. Ker sangri ni oúnjẹ ibẹ̀. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni ker, èèpo èso igi khejri sì ni sangri. Wọ́n ń sá àwọn méjèèjì títí wọ́n á fi gbẹ, wọ́n sì lè wà nílé fún oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ wọ́n, wọ́n á rẹ wọ́n, wọ́n á sì fi òróró àti ata dín wọn.

Àwọn ará ibẹ̀ kò fi igi khejri ṣeré. Ní abúlé Khejarli lọ́dún 1730, nígbà tí ọba Jodhpur rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá gé igi náà, Amrita Devi àti àwọn ẹlẹ́sìn Bishnoi bíi tirẹ̀ dì mọ́ igi. Ìtàn wọn sọ pé ènìyàn 363 ni wọ́n pa níbẹ̀.

Ní Mumbai, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ló gbé vada pav lárugẹ. Ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n gún, tí wọ́n rì sínú ìyẹ̀fun chana, tí wọ́n dín, tí wọ́n wá ki bọ inú búrẹ́dì pẹ̀lú áyù àti ata lílọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ gbà pé Ashok Vaidya ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á nítòsí ìdíkọ̀ reluwé Dadar lọ́dún 1966. Ó ń yó ènìyàn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ọwọ́ kan sì tó láti fi jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Bengal: ohun tí àwọn opó sè

Ẹja ni ẹ̀mí oúnjẹ Bengal. Síbẹ̀, díẹ̀ lára oúnjẹ ọ̀gbìn tó dùn jù lọ ní Íńdíà wá láti ibẹ̀, ọwọ́ àwọn tí wọ́n fi ẹja dù ló sì ti jáde.

Láyé àtijọ́, bí ọkọ obìnrin Híńdù láti ìdílé ńlá bá kú, wọ́n á bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀, wọ́n á sì fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́. Ẹja, ẹran, ẹyin, àlùbọ́sà, áyù, títí kan ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ kan, di èèwọ̀ fún un. Wọ́n ní àwọn oúnjẹ náà ń ru ara sókè. Wọ́n ń fi ọmọdébìnrin fọ́kọ nígbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ti di opó kí wọ́n tó di àgbà. Òfin ọdún 1856 fún opó láyè láti fẹ́ ọkọ mìíràn, ṣùgbọ́n àṣà kò tètè yí padà.

Àwọn obìnrin yìí wọ ilé ìdáná tiwọn pẹ̀lú ohun tí àwọn mìíràn ń dànù. Èèpo elégédé àti ti ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n dín in. Inú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sè é. Irúgbìn posto, tó ń ti ara ewéko òpíọ̀mù wá, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì fi se ànàmọ́ òyìnbó.

Òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba sùúrù jù lọ. Obìnrin náà á kọ́kọ́ fi òróró pa ọwọ́, kí oje rẹ̀ má bàa sọ ìka di dúdú. Á ṣí àwọn ìpele rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á kó òdòdó tíntìntín inú wọn jáde, á sì fa okùn líle àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ, nítorí kì í rọ̀ bó ti wù kí ó pẹ́ lórí iná. Òdòdó kan lè gba wákàtí kan. Mochar ghonto ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ Kolkata ń wá a kiri ní ilé oúnjẹ.

Bihar, Kashmir àti Assam

Ní Bihar, sattu ni oúnjẹ àgbẹ̀ àti alágbàṣe: chana yíyan tí wọ́n lọ̀ di ìyẹ̀fun. Wọ́n lè pò ó mọ́ omi, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ mu nínú oòrùn. Wọ́n sì lè fi sínú ìyẹ̀fun pípò, kí wọ́n sun ún lórí ẹ̀yinná, kó di litti. Chokha ló máa ń bá a rìn, ìyẹn ikàn àti tòmátò sísun tí wọ́n gún pẹ̀lú òróró mọ́sítádì tútù. Àwọn kan máa ń ri litti bọ ghee, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Kashmir, ẹ̀fọ́ haak kò gba ju omi, òróró mọ́sítádì, ata, iyọ̀ àti hing lọ. Ní Assam, omi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi ń se ìbẹ́pẹ dúdú. Khar ni orúkọ omi náà àti ti oúnjẹ náà.

Irúgbìn tó rìn jìnnà

Ọ̀pọ̀ irúgbìn inú àwọn ìkòkò yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ọjọ́ pẹ́ tí Íńdíà àti Áfíríkà ti ń fún ara wọn ní oúnjẹ. Ẹ̀wà inú olan, ọkà bàbà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ ní Maharashtra, àti ragi, Áfíríkà ni wọ́n ti wá, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan tí wọ́n ti dé Íńdíà. Òtílì láti Íńdíà àti ewùrà láti Éṣíà ló wá sí ìhà ìhín.

Ata, tòmátò, ẹ̀pà àti gbágùúdá, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá sí ibi méjèèjì, àwọn Potogí ló sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn dé lẹ́yìn tí Vasco da Gama gúnlẹ̀ sí Calicut lọ́dún 1498. Gbágùúdá yẹn ni wọ́n ń sọ di hóró funfun sabudana ní agbègbè Salem, ní Tamil Nadu, èyí tí àwọn ará Maharashtra ń fi ẹ̀pà dín lọ́jọ́ ààwẹ̀.

Oúnjẹ náà tún bá àwọn ènìyàn kọjá òkun. Àwọn ará Íńdíà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké Trinidad láàárín ọdún 1845 sí 1917 mú chana lọ. Ọbẹ̀ chana náà ló wà láàárín ìyẹ̀fun díndín méjì tí wọ́n ń pè ní doubles níbẹ̀ lónìí.

Nígbà tí wàrà di púpọ̀

Ní ọdún 1970, ìjọba Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan láti mú kí wàrà pọ̀. Verghese Kurien ló ṣáájú rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ onímàlúù ní Anand, ní Gujarat. Nígbà tí ọdún 1990 sí 1999 fi parí, Íńdíà ti di orílẹ̀-èdè tó ń pèsè wàrà jù lọ láyé.

Àwọn ìdílé abúlé rí owó gbà. Ṣùgbọ́n ètò náà tún sọ ghee, bọ́tà àti paneer di ohun tí kì í ṣe ti ọlọ́rọ̀ nìkan mọ́. Lónìí, ẹ̀wà tí wọ́n ti ń fi òróró sè láti ìran dé ìran lè dé orí tábìlì ilé oúnjẹ pẹ̀lú bọ́tà lójú rẹ̀.

Ohun tí ara ń fẹ́

Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ aṣaralóore gbà pé ìrẹsì àti ẹ̀wà ń ran ara wọn lọ́wọ́: èyí tí ọ̀kan kò ní tó lára èròjà tó ń mú ara dàgbà, èkejì ní i. Bí idli ṣe bá sambar, tí mudde bá ọbẹ̀ ẹ̀wà, ọgbọ́n àtayébáyé ló wà níbẹ̀.

Àléébù kan wà tí kò ṣe é fojú fo. Kò sí fítámì B12 tó tó ènìyàn nínú ohun ọ̀gbìn, àìtó rẹ̀ sì wọ́pọ̀ ní Íńdíà. Ó lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìpalára fún iṣan ara. Àwọn dókítà ń gba ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá níyànjú pé kó máa lo oògùn B12, tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi í kún, pàápàá bó bá jẹ́ aboyún tàbí abiyamọ.

Ìbéèrè tó yẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná

Àmì róbótó aláwọ̀ ewé tó wà lára oúnjẹ inú páálí ní Íńdíà ń sọ pé kò sí ẹran, ẹja tàbí ẹyin níbẹ̀. Kò sọ pé kò sí wàrà. Ní ọdún 2022, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ níbẹ̀ gbé ìlànà jáde fún oúnjẹ ọ̀gbìn pọ́ńbélé, wọ́n sì ya àmì tirẹ̀ sọ́tọ̀: lẹ́tà V tó hu ewé.

Oúnjẹ ilé àti ti òpópónà kò ní àmì. Wàrà lè fara pa mọ́ sínú búrẹ́dì naan, ghee lè wà lójú dosa, wàrà ló sì pọ̀ jù nínú ohun dídùn àríwá. Nínú ohun dídùn pàápàá, àwọn kan wà tí kò ní i: yànmọ̀tí tàbí ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣúgà pupa mọ, èyí tí àwọn ará Maharashtra ń fún ara wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ tí undhiyu ń jáde nínú ilẹ̀ ní Surat.

Àwọn tó mọ ọ̀nà kì í béèrè bóyá oúnjẹ jẹ́ vegan, nítorí ọ̀pọ̀ alásè ibẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á béèrè bóyá wàrà kíkan tàbí bọ́tà wà níbẹ̀, wọ́n á sì béèrè irú òróró tí wọ́n fi sè é.